Àmì tí a Hú Nílẹ̀: Òṣìṣẹ́ Ojú Títì gẹ́gẹ́ bí Orísun Àtinúdá nínú The Road

Àwọn lámèyítọ́ gbà pé ìgbé-ayé òṣìṣẹ́ ojú títì jẹ́ orísun àtinúdá fún òǹkọ̀wé. Ohun tí wọn kì í sábà béèrè ni gbèsè tí òǹkọ̀wé jẹ ẹni tí ó ti bu ọ̀rọ̀. The Road, eré-onítàn Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965, gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n orin Yorùbá wà nínú rẹ̀, awakọ̀, agbèrò àti jàǹdùkú ibùdókọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀.

Professor, tí ó ti jẹ́ òǹkàwé Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, ń ṣe ayédèrú ìwé-àṣẹ ìwakọ̀, ó sì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó ti ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ ni ó ń wá kiri. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọlé, àmì ojú títì tí a kọ BEND sí ni ó gbé lọ́wọ́; ó ti hú u nílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó rí he. Lójú awakọ̀, ìkìlọ̀ ni: kọ́nà wà níwájú. Lẹ́tà rẹ̀ pé lọ́wọ́ Professor, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́.

A lè ka Professor sí ẹni tí ó ń wá àdììtú ikú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ àwòrán òǹkọ̀wé tí ó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ lẹ́yìn ìnira ẹlòmíràn. Samson agbèrò yàtọ̀ sí i. Ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nídìí: Kotonu awakọ̀ kò fẹ́ wakọ̀ mọ́ lẹ́yìn jàǹbá tí ó ṣojú rẹ̀, bí kò bá wakọ̀, Samson kò níṣẹ́. Níbi tí iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ kò ti pínyà báyìí ni èdè eré náà ti dùn jù.

Òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, níbi tí ó ti gba Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko kọjá, yẹ fún dídán èrò yìí wò. Olú-ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́. Ṣàṣà ni akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ibẹ̀ tí ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ Ìyànà Ìbà ṣàjèjì sí. “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o” rọrùn láti sọ di àwàdà nínú ewì. Lẹ́nu iṣẹ́, àdéhùn ni: a ti parí ìjà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Bákan náà ni ìpolówó ọjà láàárín ọkọ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2003 ka ọjà títà lójú títì léèwọ̀, ó sì de ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà. Ìpolówó oníkiri àdúgbò lè gùn, kí ó kún fún àpọ́nlé; ti inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kúrú, nítorí ọkọ̀ lè ṣí, agbófinró sì lè yọ. Ìbẹ̀rù àti eré sísá ni wọ́n gé e kúrú, kì í ṣe ọgbọ́n ewì nìkan. Òǹkọ̀wé tí ó mú kíkúrú náà, tí ó fi ìbẹ̀rù sílẹ̀, ti hú àmì nílẹ̀.

Ọ̀bẹ òṣìṣẹ́ ojú títì kan, Say Tokyo Kid, ni ó pa Professor. Èyí kò ní kí òǹkọ̀wé sá fún ojú títì. Òṣùwọ̀n ni ó fi lé lámèyítọ́ lọ́wọ́: bí ọ̀rọ̀ bá ti ojú títì bọ́ sínú ìwé, ǹjẹ́ òǹkàwé ṣì lè rí kọ́nà tí ó wà níwájú?