Ta Ló Ni Àlá Náà? Ọ̀rẹ́ àti Abánidíje nínú Blue Lock The Movie: Episode Nagi

Láti ìgbà tí Yoichi Takahashi ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn aláwòrán Captain Tsubasa ní 1981 ni bátànì kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìtàn bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Jàpáànì: abánidíje a máa di ọ̀rẹ́ lórí pápá. Fíìmù ánímè Blue Lock The Movie: Episode Nagi, tí Shunsuke Ishikawa darí, tó sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yí bátànì yìí padà. Ọ̀rẹ́ ló di abánidíje níbẹ̀. Èrò wa nínú lámèyítọ́ yìí ni pé kì í ṣe ìdíje ló tú àwọn ọ̀rẹ́ náà ká. Àbùkù ti wà lára àdéhùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ olówó ni Mikage Reo. Kò fẹ́ ogún ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń dúró dè é. Ife Àgbáyé ló ń wá. Nagi Seishiro, tí wọ́n jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà Hakuho, kò wá ohunkóhun ju eré orí fóònù lọ. Ọjọ́ tí fóònù Nagi já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, tó sì fi ẹsẹ̀ gbà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ni Reo rí ẹ̀bùn tí ẹlẹ́bùn fúnra rẹ̀ kò rí. Àwọn méjèèjì dé Blue Lock, ibùdó tí wọ́n kó atamátàsé 300 sí lẹ́yìn ìfìdírẹmi Jàpáànì nínú Ife Àgbáyé 2018, kí wọ́n lè ṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kù.

Ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu Nagi ni mendokusai. ‘Ó ń sú mi’ ló sún mọ́ ọn jù ní èdè Yorùbá. Gírámà gbólóhùn wa yìí sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn náà: ohun tó ń súni ni olùwà, ẹni tó ń sú ni àbọ̀. Ipò àbọ̀ ni Nagi wà nínú ìgbésí ayé ara rẹ̀. Reo ni olùwà. Reo a tilẹ̀ máa pọ̀n ọ́n kiri, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹnì kan ló ni àlá, ẹnì kejì ló ni ẹ̀bùn. Ọ̀rẹ́ wọn kò lábòsí, ṣùgbọ́n kò dọ́gba.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn, Team V, pàdánù sọ́wọ́ Team Z pẹ̀lú àmì ayò 5 sí 4, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ayò mẹ́ta síwájú, ni ìfẹ́-ọkàn tirẹ̀ kọ́kọ́ sọ nínú Nagi. Ó fi Reo sílẹ̀, ó tọ Isagi Yoichi lọ. A lè fi òwe pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún parí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ọjọ́ orí ń tú ká ni òwe náà ń sọ. Nagi mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó di olùwà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló san gbèsè rẹ̀.

Nínú ánímè orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí Isagi ti jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn, èrè ni ìlọ yìí jẹ́ fún un. A kò bá Reo káàánú títí. Fíìmù yìí gbé ojú-ìwòye fún Nagi, ó sì fi sùúrù fi bí ọ̀rẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Níbi tí ìyà Reo ti yẹ kó jinlẹ̀ ni sùúrù náà ti tán: fíìmù sáré kọjá ìpele kejì ìdíje náà bí ẹni ń ka àkópọ̀ ìtàn fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá tíì wo ánímè náà yóò rí i pé wọ́n pínyà, kò ní rí ohun tó ná wọn. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ìdajì àkọ́kọ́ bi wá tó fún onílámèyítọ́ láti padà sí i: ǹjẹ́ ẹni tó fi àlá rẹ̀ jíǹkí ọ̀rẹ́ lè bínú bí ọ̀rẹ́ náà bá lá tirẹ̀?