Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Ń Pín Owó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ṣe tíṣà n'Ìbàdàn mọ owó í tọ́jú. Wọn kì í da owó pọ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ló ń sọ ibi tó máa gbé. Owó rẹ́ǹtì ọdún yìí kì í dé ọjà ṣíà rárá, tírẹ́ṣọ̀ bíìlì ọlọ́jọ́ 91 ni wọ́n máa ń fi rà. Owó yunifásítì ọmọ wà nínú bọ́ńdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ ọlọ́dún méjì, tí èlé rẹ̀ ń wọlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Owó ìfẹ̀yìntì nìkan ló ń ra ṣíà, torí òun ló ráyè dúró bí ọjà bá wó.

Ìparí ọdún ni mo máa ń kan sáárá sí wọn jù. Bí ṣíà bá ti gbówó lórí ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì lọ, wọ́n á ta èyí tó lé, wọ́n á fi ra bọ́ńdì. Ó nira o! Ta ló ń wù kó ta ohun tó ń pawó lọ́wọ́? Bí ọjà bá sì wó tí kálukú ń sá, wọ́n á rọra rà sí i. Èrè ṣíà tó bá wọlé, wọn kì í fi ra aṣọ ẹbí; ṣíà náà ni wọ́n tún fi ń rà.