Omi Tútù, Ẹyin Lára Gíláàsì

Ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń pa ọmọ àrọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, abẹ́rẹ́ ló ń mú abo yé. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ họ́mónù lálẹ́, wọ́n á tẹ ẹyin jáde ní ikùn rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì la ikùn akọ láti mú àtọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, òun ló ń gbé àrọ̀ dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n oríṣi olùsìn mìíràn wà tí kì í fọwọ́ kan ẹja rẹ̀ rárá. Àwọn ẹbí àrọ̀ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ló ń sìn, nínú táǹkì gíláàsì ní pálọ̀. Omi ló fi ń mú wọn yé.

Corydoras ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùsìn yìí fẹ́ràn jù. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, láti Trinidad títí dé Argentina. Charles Darwin kó oríṣi kan nínú wọn nígbà tó ń bá ọkọ̀ Beagle rìn, Leonard Jenyns sì ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní 1842. Ẹja náà, Corydoras paleatus, ṣì ń wẹ̀ nínú táǹkì lónìí nílé àwọn tí kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Kò ní ìpẹ́. Egungun pẹlẹbẹ tó tò ní ìlà méjì ló fi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bíi ti àrọ̀, òun náà lè mí afẹ́fẹ́: á ta sókè lójijì, á gbé afẹ́fẹ́ mì, ìfun rẹ̀ á sì fa ọ́síjìn inú rẹ̀ mu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ẹja ń kú ni.

Ìgbà òjò ni wọ́n ń yé nínú odò wọn, nítorí náà olùsìn ní láti rọ òjò fún wọn. Yóò kọ́kọ́ fi aràn bọ́ wọn dáadáa, títí ikùn abo yóò fi yọ róbótó. Yóò wá da ìdajì omi táǹkì nù, yóò sì fi omi tó tutù jù ú lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 3 sí 5°C rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan máa ń dúró de ọjọ́ tí ìjì gidi ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ní Èkó, níbi tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, yìnyín tí wọ́n dì sínú ike lè bá wọn ṣe é.

Bí omi tútù náà bá ti mú wọn, kò sí ohun tó dùn ún wò tó o. Àwọn akọ á máa lé abo kiri, wọ́n á máa fi irunmú pa á lórí. Nígbà tó bá yá, abo á gbé ẹnu sí abẹ́ akọ kan, àwọn méjèèjì á sì dúró bíi lẹ́tà T. Abo á tú ẹyin díẹ̀ sáàárín àwọn lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ tó ti pa pọ̀, á wá ibi tó mọ́ lára gíláàsì, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, á sì tún padà. Ẹyin náà lè lé ní ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Báwo wá ni àtọ̀ ṣe ń dé ara ẹyin? Ní 1995, Masanori Kohda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tẹ ìdáhùn jáde: abo ń mu ún ni. Á gba inú ìfun rẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, á sì jáde síbi tí ẹyin wà. Lẹ́yìn gíláàsì ni ojú ti tó o. Nínú odò tó rú, ta ni ì bá rí i? Ibí yìí gan-an ni iyì iṣẹ́ yìí wà: ó ń fi ohun tí odò bò han ẹni tó bá ní sùúrù láti jókòó tì í.

Ẹyin pípa kò le, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Ọmọ títọ́ ni wàhálà. Àwọn òbí a máa jẹ ẹyin ara wọn, nítorí náà olùsìn á fi ìka yí i kúrò lára gíláàsì lọ sínú àwo mìíràn. Bí èbu bá hù lára ẹyin kan, ó lè ràn mọ́ ìyókù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tó bá ti jẹ àpò oúnjẹ tó gbé wáyé tán fẹ́ ohun wẹ́wẹ́ tó wà láàyè, irú bí ọmọ Artemia, edé tíńtín kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹyin rẹ̀ nínú omi iyọ̀. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, tó jẹrà nísàlẹ̀, lè pa gbogbo wọn.

Àwọn kan ti bá iṣẹ́ yìí rìn jìnnà. Odò Xingu ní Brazil nìkan ni Hypancistrus zebra, ẹbí àrọ̀ mìíràn tó funfun tó sì ní ìlà dúdú, ti wá. Kó tó gba orúkọ ìjìnlẹ̀ ní 1991 ni àwọn olùsìn ti ń fi nọ́ńbà L46, tí ìwé ìròyìn DATZ ti Jámánì fún un, pè é. Brazil ti fòfin de kíkó o jáde, ìdídò Belo Monte sì ti yí omi tó ń gbé padà. Síbẹ̀ ó ń bí sí i nínú ilé ní Yúróòpù: akọ á dúró nínú ihò amọ̀ kékeré, á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin díẹ̀ tó wà níbẹ̀, títí ọmọ á fi lè dá jáde. Táǹkì ò lè rọ́pò odò, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé sàn ju èyí tí onífàyàwọ́ jí kó lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi zebra sílẹ̀ ná. Corydoras aeneus ni kó rà, mẹ́fà ó kéré tán, torí ẹja agbo ni. Yanrìn múlọ́múlọ́ ni kó tẹ́ sílẹ̀, kí òkúta mímú má baà jẹ irunmú wọn. Kó tó kó wọn sí i, kó jẹ́ kí táǹkì àti asẹ́ omi ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù kan, kó máa fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i, kí àwọn bakitéríà tó ń pa májèlé amóníà lè gbilẹ̀. Kó sì mọ̀ kó tó sanwó pé ẹja yìí lè lo ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ rẹ̀.