Ẹnu Ọmọ Ni Òfin Ti Ń Jáde: Lámèyítọ́ Eré Ìgbà Èwe ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Nígbà tí àwọn àgbà Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun bá ń rántí eré ìgbà èwe wọn, adùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu wọn: òṣùpá, erùpẹ̀ ojúde, ariwo ẹgbẹ́. Ìrántí bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tó. Iṣẹ́ ọnà ni eré ọmọdé. Ó ní ìlànà, ó ní ẹwà, ó ní ìdájọ́, ó sì yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ewì àti ère gbígbẹ́ wò. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ rèé: ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun èlò eré tàbí kó sọ ọ́ dọ̀tun, ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ni òfin eré sì ti ń jáde. Ibẹ̀ ni ọnà rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni àdánù wa wà lónìí.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Òrólù. Wọ́n súnmọ́ra débi pé ilé kan ilé, oko kan oko. Ìlobùú ń fi Erinlẹ̀ yangàn, odò àti òrìṣà. Ifọ́n ń fi Olúfọ́n, òrìṣà aláṣọ funfun, ṣe ìdánimọ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí ọnà ìhà ibẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1957 ni Ulli Beier tẹ ìwé rẹ̀, The Story of Sacred Wood Carvings from One Small Yoruba Town, jáde lórí ère ojúbọ. Ìlobùú ni ìlú kékeré tí àkọlé ìwé náà ń tọ́ka sí. Ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ wa láti máa bi ère léèrè pé kí nìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ọ báyìí. Ìbéèrè kan náà ni mo fẹ́ bi ohun ìṣeré.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọlángidi. Nílẹ̀ Yorùbá, agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ère ìbejì náà ló lè gbẹ́ ọmọlángidi fún ọmọbìnrin kékeré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Ère ìbejì ní apá, ó ní ẹsẹ̀, ó ń dúró. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi osùn pa á, wọ́n ń bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọlángidi ni kò lápá, tí kò lẹ́sẹ̀: orí kan, ọrùn kan, ara pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá fojú ère wò ó yóò ní agbẹ́gilére kò parí iṣẹ́. Ó parí iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin ló gbẹ́ ẹ fún. Bí wọ́n bá ti fi aṣọ gbà á mọ́ ẹ̀yìn, orí nìkan ló kù tí ojú ń rí. Ibi tí ara kò sí, ọmọ ni yóò fi èrò inú rẹ̀ dí i. Ọmọbìnrin tí kò rí ẹni gbẹ́gi fún un á wá ṣùkù àgbàdo tí irun rẹ̀ ṣì wà lórí, á dirun fún un, á pọ̀n ọ́n. Àwọn mìíràn ń fi koríko kọ́ irun dídì, kí wọ́n tó di ẹni tí à ń gbé orí sílẹ̀ fún. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ni kí ẹ kíyè sí. Òun ló ń pinnu ìgbà tí igi di ọmọ, òun náà ló ń pinnu ìgbà tí ọmọ padà di igi, tí yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ jẹun.

Òkòtó le ju ìyẹn lọ, nítorí ọmọ fúnra rẹ̀ ni agbẹ́gilére níbẹ̀. Ṣóńṣó ìkarahun ìgbín ni. Ọmọ á gba ìkarahun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ń se ìgbín, á fi òkúta kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ṣóńṣó yóò fi yọ. Á wá máa yùn ún lórí òkúta pẹlẹbẹ, omi díẹ̀, iyanrìn díẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi tẹ́jú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, òkòtó á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣubú. Ọmọ á tún jókòó ti òkúta rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó la ìdọ́gba yé e, ìka rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń ta á yàtọ̀ láti agboolé dé agboolé. Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ fi ìka yí i lórí ilẹ̀, kó sì lù ú bó ṣe ń jó lọ́wọ́ kó lè dojú dé. Ẹni tí tirẹ̀ dojú dé ti jẹ. Yóò fi òkòtó kan ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni tí tirẹ̀ kọ̀. Iye ìgbà tí yóò kàn án kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò. Ọmọ tó bá fẹ́ fi kún un lẹ́yìn tó ti jẹ, ariwo ẹgbẹ́ ni yóò dá a dúró. Nítorí pé òfin ń yí padà láti agboolé dé agboolé, ọmọ tó bá rékọjá ojúde tiwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé báwo lẹ ṣe ń ta á níbí. Ìwà ọmọlúàbí ni ìbéèrè yẹn.

Nínú eré òṣùpá, orin ló gba iṣẹ́ òfin ṣe. Ẹ wo bojúbojú. Ẹni tí wọ́n di lójú ń kọrin, àwọn tó ń sá pamọ́ ń gbè é. Etí kan á gbọ́ ọ bí orin lásán, ṣùgbọ́n aago ni. Ó ń wọn àkókò ìsápamọ́, ó ń béèrè bóyá wọ́n ti ṣetán, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ lajú kí ìdáhùn tó pé. Nínú ẹkùn mẹ́ran, òṣèré di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n di ọgbà yí ẹran ká. Ẹkùn wà lóde. Lílé àti gbígbè orin ló ń gbé ìbẹ̀rù ga díẹ̀díẹ̀ kí eré sísá tó bẹ́. Akéwì tó dáńgájíá náà ni ń mọ bí a ti ń dá olùgbọ́ dúró bẹ́ẹ̀.

Ayò ni òfin rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1977 ni A. O. Ọdẹ́lẹ́yẹ ti kọ odindi ìwé lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ló ni ọpọ́n, ṣùgbọ́n ọmọdé tí kò ní ọpọ́n ń gbẹ́ ihò sílẹ̀, á ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n ń jẹ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ń kó odù jọ, ọ̀ta tó ń jẹ ń fi ọ̀pẹ tí wọ́n ń jẹ ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, òfin kan wà tó borí ìwọra gbogbo: bí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bá gbẹ, tí o sì ní ohun tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ ta á kó lè rí ọmọ ta. O kò gbọdọ̀ fi ebi pa ẹni tí ẹ jọ ń ta. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ṣófo, tí kò sì sí ohun tó lè dé ibẹ̀, eré parí.

Òfin yẹn ló ń dùn mí jù nígbà tí mo bá ronú nípa Ìlobùú àti Ifọ́n lónìí. Ìjà ààlà ilẹ̀ láàárín wọn àti Erin-Ọ̀ṣun, ìlú aládùúgbò wọn, ti gba ẹ̀mí, ó ti jó ilé. Lọ́dún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé nígbà tí ìjà náà gbóná. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ojúde tí àwọn ọmọ ń fẹ́ mọ́ láti ta òkòtó á di ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dé. N kò sọ pé ayò lè parí ẹjọ́ ilẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ìlú méjèèjì ti ní òfin kan nínú eré wọn tó mọ̀ pé aládùúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo kò lè bá ọ ṣe nǹkan kan mọ́, ọmọdé ibẹ̀ sì ti ń pa á mọ́ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìrántí tó dùn tún máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Òkòtó ń bó ẹ̀yìn ọwọ́. Ọmọ tí kò lè sáré ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹran lójoojúmọ́. Ọmọlángidi àti ìkòkò àgolo kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ ilé, nígbà tí ọmọkùnrin ń fi páálí àti àgolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀, tó ń fi ìdérí ìgò ṣe táyà, tó ń wakọ̀ kiri ìlú. Lámèyítọ́ tó bá fi èyí pamọ́ ti di oníyìn lásán. Síbẹ̀, òfin tí ọmọ ṣe, ọmọ lè tún un ṣe: wọ́n lè ní kí ẹran ọ̀la jẹ́ ẹlòmíràn, kí ọmọbìnrin náà wakọ̀.

Johan Huizinga, òpìtàn ọmọ Netherlands, ti jiyàn nínú Homo Ludens lọ́dún 1938 pé inú eré ni òfin àti ọnà ọmọ ènìyàn ti hù. Àwọn Yorùbá ní eré là ń fi ọmọ ayò ṣe. Ẹni tó bá ti ta ayò rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Ẹ̀tọ́ náà kò pé bí eré bá wà ṣùgbọ́n tí òfin rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkòtó àti eré orí fóònù. Eré orí fóònù náà ní ọnà, ó ń pọn ojú àti ìka. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n ti di òfin rẹ̀ pa. Ọmọ Ifọ́n tó ń ta á kò lè bá ẹnikẹ́ni jíròrò lórí rẹ̀, kò sì lè gba ẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò. Nítorí náà, kíkó òkòtó àti ọmọlángidi sínú àpótí gíláàsì kò lè gbà wá là. Kí àwọn ilé ìwé Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òrólù fún àwọn ọmọ ní ilẹ̀ gbalasa àti àkókò, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ìlú méjèèjì jọ ta, kí olùkọ́ sì jókòó sẹ́yìn bí àríyànjiyàn bá dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàdéhùn fúnra wọn, kí wọ́n dà á, kí wọ́n bú ẹni tó dà á, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti kọ́ láti béèrè pé báwo lẹ ṣe ń ta á níbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí a ti ń bá aládùúgbò gbé.