Ẹ Tọrọ Àyè Lọ́wọ́ Ẹni Tó Kọ Ọ́

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí: ẹnìkan pilẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn fi ẹ̀dá ìtàn tuntun kún un, ẹ̀kẹta kádìí rẹ̀. Ta ló wá láṣẹ láti kó o pamọ́? Mo gbóríyìn fún àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ wo Archive of Our Own, ibùdó ìtàn tí ẹgbẹ́ Organization for Transformative Works, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, ń bójú tó. Bí òǹkọ̀wé bá fi orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ ìtàn níbẹ̀, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gbà kí orúkọ náà tó hàn. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀ mọ́ lè yọ orúkọ rẹ̀, kí ìtàn sì wà fún òǹkàwé.

Ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà tó ń jẹ́ Open Doors a máa gba ìtàn sílẹ̀ níbi tó fẹ́ kógbá wọlé. Wọ́n á bá alábòójútó ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ímeèlì sí àwọn òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa tòun rẹ́, wọ́n á pa á rẹ́. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe é, láìgbowó.

Lọ́dún 2019, Archive of Our Own gba àmì ẹ̀yẹ Hugo. Ó tọ́ sí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tọ́jú ìtàn àjùmọ̀kọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ gbà fún wọn.