Ríìlì Ìpẹja fún Odò àti Òkun

Ríìlì alágbàá jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí apẹja máa ń dè mọ́ ọ̀pá ìpẹja láti kó okùn ìwọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, George Snyder, oníṣẹ́ aago nílùú Paris ní Kentucky, Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ kan tó gbayì. Ọgbọ́n oníṣẹ́ aago yẹn ṣì hàn nínú ríìlì tó péye títí dòní.

Bí apẹja bá ju ìwọ̀, àgbá á máa yí bí okùn ṣe ń jáde. Bí àgbá bá yára ju okùn lọ, okùn á lọ́ pọ̀. Àtàǹpàkò ló ń kó àgbá níjàánu, bíréèkì inú ríìlì sì ń ràn án lọ́wọ́. Ríìlì àtàtà a máa ju ìwọ̀ fífúyẹ́ jìnnà láìsí wàhálà.

Jíà 5:1 ń yí àgbá lẹ́ẹ̀marùn-ún fún ìyípo ọwọ́ ríìlì kan. Ó lágbára fún ẹja ńlá. Jíà 8:1 ń tètè kó okùn wọlé. Bí ẹja bá ń fa okùn, ìjánu rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́ kó tó já.

Odò kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ríìlì jẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun a máa jẹ irin. Nítorí náà, bíárìn ríìlì òkun gbọ́dọ̀ ní ìdérí, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè kojú ìpẹtà. Lẹ́yìn ìpẹja lókun, omi tí kò níyọ̀ ni kí a rọra fi ṣan án, kí a nù ún gbẹ, kí a sì kán òróró díẹ̀ sí i.