Kọ́kọ́ Bi Í Pé Ọmọ Ta Ni

Ọwọ́ ọ̀gá mi ní àdúgbò Kabala Doki ni mo ti kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹlòmíràn náà lè kọ́ni. Bí wọ́n ṣe ń wá driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ, fún ojú laptop àgbà ni n kò tíì rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ṣíwọ́ àbójútó Windows 7. Látìgbà náà ni àwọn oníbàárà ti ń gbé HP EliteBook 8460p wá ṣáá, pé ká bá àwọn fi Windows 10 sí i. Bí a bá fi sí i tán, gbogbo nǹkan á tóbi lójú rẹ̀, á rí bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ṣeé dín kù. Ẹ̀rọ àwòrán Intel HD Graphics 3000 ló wà nínú rẹ̀, ti ọdún 2011, Intel kò sì ṣe driver Windows 10 fún un.

Ọ̀gá mi á ṣí Hardware Ids, níbi tí Windows kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí, wọ́n á ní kí n kà á sókè: PCI\VEN_8086&DEV_0116, pẹ̀lú SUBSYS tó tẹ̀ lé e.

"Ìdílé wo ni?"

"Intel ni, sà." Intel ló ni 8086, 10DE jẹ́ ti NVIDIA, 1002 jẹ́ ti AMD.

"Ọmọ wo nínú ilé?"

"0116, HD 3000."

"Ta ló gbà á tọ́?"

Ìparí SUBSYS ni mo máa wò. Bó bá jẹ́ 103C, HP ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú driver tí Intel ṣe fún Windows 8 sínú fóódà, wọ́n á fi Notepad ṣí fáìlì .inf rẹ̀, wọ́n á sì wá 0116 níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, driver náà mọ ẹ̀rọ náà nìyẹn. Have Disk ló kù, ìyẹn kí wọ́n tọ́ka fóódà náà fún Windows. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á tì í. Wọn kì í gbà kí a fọwọ́ kọ nọ́ńbà kún un, torí bí lẹ́tà kan bá yí padà nínú .inf, ìbuwọ́lù inú fáìlì .cat kò bá a mu mọ́, Windows á sì kọ̀ ọ́.

Alẹ́ kan wà tí NEPA mú iná lọ, tí bátìrì laptop tíṣà kan ń jó lọ sílẹ̀, tí tíṣà náà sì fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò láàárọ̀. Ọ̀gá mi kò kánjú, ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Nígbà tó yá, ojú laptop ṣókùnkùn, ó sì là padà ní 1366 lọ́nà 768, lẹ́tà rẹ̀ mọ́ gaara. "Ó ti jẹ́ wa," ni ọ̀gá mi wí.

Ó ń dùn mí bí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ìsinsìnyí ṣe ń ki flash bọ laptop, tí wọ́n ń da gbogbo driver ayé sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dákú, wọ́n á ní ó ti gbó, kí oníbàárà lọ ra òmíràn. Wọn kò bi ẹ̀rọ náà ní nǹkan kan.

Windows 10 náà ti parí láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè driver WDDM 2.0, èyí tí HD 3000 kò ní. Ẹni tó bá ti ka nọ́ńbà inú Hardware Ids yẹn á mọ̀ kó tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á sì sọ fún un pé Linux ṣì mọ ẹ̀rọ yìí dáadáa. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi.